Olùkọ́ mi dá ìbéèrè ìwádìí mi padà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ bá mi wò ó, ọ̀rọ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ni

Agbẹ̀bíÒkèÒgùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ó ti di ọdún 11 tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, mo sì ti padà sílé ẹ̀kọ́ báyìí láti gba oyè BNSc, oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ló wà lọ́rùn mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ tó ń bójú tó o ti dá ìbéèrè mi padà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ni: "Kí ni ipa tí ìtọ́jú ìwọ́ ń kó lórí ìlera ọmọ tuntun?" Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ti fẹ̀ jù." Mo lọ tún un kọ: "Ǹjẹ́ chlorhexidine dára ju spírítì lọ fún ìwọ́ ọmọ?" Chlorhexidine ni oògùn apakòkòrò tí à ń fún àwọn ìyá láti fi sí ìwọ́. Olùkọ́ mi fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ "dára", ó ní: "Dára fún ta? Dára ní ti kí ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ lọ́kàn mi. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́fà wá bá wa. Wọ́ọ̀dù wa ló bí i sí, èmi gan-an ni mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe tú aṣọ tí wọ́n fi di ikùn ọmọ, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Òwú ti lẹ̀ mọ́ ìwọ́, epo pupa àti iyọ̀ ti gbẹ mọ́ òwú yẹn, awọ tó yí ìdodo ká pọ́n, ó sì gbóná lábẹ́ ìka mi. Ọmọ kò fẹ́ mu ọmú mọ́. Mo ní kí ló ṣe tíúbù chlorhexidine tí a fún un. Ó ní, "Ó wà nílé, mà. Màámi ní kì í jẹ́ kí ìwọ́ tètè já."

Ọlọ́run yọ ọmọ náà, lẹ́yìn ọjọ́ 10 lórí abẹ́rẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ kí ìwádìí mi wúlò fún irú ọmọ yẹn, n kò fẹ́ kó jẹ́ ìwé tí wọ́n á gbé sórí pẹpẹ. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ ìbéèrè yìí?

ÌyáMátírọ́nù

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́, mo sì lè sọ fún ọ pé olùkọ́ rẹ ò ṣe ọ́ níkà.

Oríṣi ìbéèrè méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń béèrè: kí ló ń jẹ́ ìwọ́, kí ló ń mú un kẹ̀, ọjọ́ mélòó ló fi ń já. Ìwé ẹ̀kọ́ á dáhùn ìyẹn fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì ni ìbéèrè ẹni tó dúró ti aláìsàn, tó ní nǹkan méjì lọ́wọ́, tó sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ń súnmọ́ ti ẹni tó dúró ti aláìsàn, ṣùgbọ́n aláìsàn ọ̀hún kò sí nínú rẹ̀.

Ní 1995, W. Scott Richardson àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ACP Journal Club lórí bí a ṣe ń to ìbéèrè ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo wa wá mọ̀ sí PICO ti fìdí múlẹ̀. P ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. I ni ohun tí o fẹ́ ṣe fún un. C ni ohun tí o fẹ́ fi I wé. O ni àbájáde tí o ń wá. Àwa nọ́ọ̀sì sábà máa ń fi T kún un, ìyẹn àkókò, torí pé ìdodo tó dára lọ́jọ́ kẹta lè ti kẹ̀ nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ keje.

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà o. Ibi tí mo ti máa ń rí àṣìṣe nìyẹn: wọ́n á ya àpótí márùn-ún, wọ́n á máa wá ohun tí wọ́n máa kó sínú rẹ̀. Ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́fà yẹn ni kó o jókòó tì. Ta ni? Níbo ló wà láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹfà? Ọwọ́ ta ló wà? Kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí mi, lẹ́yìn náà ká wá wo ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí.

Nọ́ọ̀sìLeeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mátírọ́nù. Àbúrò, lórí P ni mo fẹ́ sọ tèmi. Ìlú Ọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Níbí, omi lásán la fi ń nu ìwọ́ tó bá dọ̀tí, a á gbẹ ẹ́, a á ká etí nápíì wálẹ̀ kí ìtọ̀ má baà kàn án, ó parí. A kì í fi spírítì sí i, a kì í fi chlorhexidine sí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó dà bíi pé à ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Kí n tó lóye pé kò sẹ́ni tó ń fi ohunkóhun sí ìwọ́ ọmọ wọ̀nyẹn nílé, ó gbà mí tó oṣù kan.

Ẹ wo ohun tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022 lórí ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ: kí ìwọ́ mọ́, kó sì gbẹ. Wọ́n ní ká lo chlorhexidine lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kìkì níbi tí wọ́n bá ti sábà ń fi àwọn nǹkan tó lè pa ọmọ lára sí ìwọ́. Ìlànà tiwọn tẹ́lẹ̀ ní ká lò ó fún ọmọ tí wọ́n bí sí ilé, níbi tí ọmọ tuntun 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti ń kú nínú 1,000. Ìwádìí ìlera gbogbo ilé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ọmọ tuntun 39 ló ń kú nínú 1,000, àti pé ìdá 39 péré nínú 100 ìbímọ ló wáyé ní ilé ìwòsàn.

Níbo wá ni ọmọ tiyín bọ́ sí? Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí i sí, ilé ni wọ́n ti tọ́jú ìwọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá kọ "àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn" sí P, ẹ ti sọ ọmọ yẹn nù.

Agbẹ̀bíÒkèÒgùn

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìparí yín yẹn gún mi lọ́kàn. Ọjọ́ méjì péré ló lò lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tó kù, ọwọ́ màmá àgbà ló wà.

KàwéKàwé

Mo ka àwọn ìwádìí orí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nígbà tí mò ń ṣe Masters. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ìbéèrè ṣe ń yí ìdáhùn padà.

Luke Mullany àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní agbègbè Sarlahi ní gúúsù Nepal, ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2006. Ó lé ní 15,000 ọmọ tó wà nínú rẹ̀, ilé ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn àdúgbò: chlorhexidine fún apá kan, ọṣẹ àti omi fún apá kejì, apá kẹta kò fi nǹkan kan sí ìwọ́. Nígbà tí wọ́n fi apá chlorhexidine wé apá tí kò fi nǹkan sí i, ìwọ́ tó kẹ̀ gan-an fi ìdá 75 nínú 100 dín kù, ikú ọmọ fi ìdá 24 dín kù. Ta ló máa rí èyí tí kò ní sáré lọ ra chlorhexidine?

Ó wá di 2016, ìwádìí ńlá méjì jáde láti Áfíríkà, ọ̀kan ní gúúsù Zambia, ọ̀kan ní erékùṣù Pemba ní Tanzania. Oògùn kan náà ni. Kò sí ìyàtọ̀ tó dájú nínú iye ọmọ tó kú. Ṣé irọ́ ni ti Nepal ni? Rárá. Iye ọmọ tó ń kú ní Zambia àti Pemba ti kéré ju ti Nepal lọ, àwọn tó ń bímọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀ sì pọ̀ ju ti Nepal lọ. Ẹni tó bá kọ "ọmọ tuntun" lásán sí P kò ní mọ èwo ni kó gbára lé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn jù ni O. Tí ẹ bá fi "iye ọjọ́ tí ìwọ́ fi já" ṣe àbájáde, chlorhexidine ló máa pàdánù. Àkójọ àwọn ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ, gbé yẹ̀ wò fi hàn pé ìwọ́ tí wọ́n fi chlorhexidine sí máa ń pẹ́ já tó nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀ sí méjì ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní gbígbẹ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: àwọn kòkòrò àìfojúrí wà lára ohun tó ń mú ìwọ́ jẹrà títí tó fi máa já. Ohun tó bá pa kòkòrò, á fa ọjọ́ gùn.

Nítorí náà, màmá àgbà tó ní "kì í jẹ́ kí ìwọ́ tètè já" kò parọ́. Òótọ́ ló sọ. O tirẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiyín. Ọjọ́ lòun ń kà, ẹ̀yin ń ṣọ́ ìdodo tó kẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá dé ibẹ̀ tó ní "ẹ má gbọ́ ti màmá, kò mọ nǹkan kan," ó ti fi ara rẹ̀ ṣe elékèé lójú wọn, torí wọ́n á rí i fúnra wọn pé ìwọ́ kò tètè já.

Tí ẹ bá fẹ́ wá a fúnra yín lórí PubMed, ibi tí a ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú PICO yín lẹ ti máa fa ọ̀rọ̀ yọ: ẹ kọ umbilical cord (ìwọ́), ẹ fi AND, ẹ kọ chlorhexidine, ẹ fi AND, ẹ kọ newborn (ọmọ tuntun). Tó bá pọ̀ jù, ẹ fi omphalitis kún un, orúkọ tí wọ́n ń pe ìdodo tó kẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè tí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta fà yọ nínú rẹ̀, ẹ lọ tún un kọ.

OlóògùnÌbàdàn

Ẹ má gbàgbé ewu nínú O. Ní 2019, WHO ṣe ìkìlọ̀ torí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà, wọ́n fi chlorhexidine ìwọ́ sí ojú ọmọ, ó sì ba ojú wọn jẹ́ gidi. Ìgò tí wọ́n kó o sínú jọ ti oògùn ojú. Mo máa ń ní kí ìyá di tíúbù náà mú kó sì sọ fún mi ibi tó máa fi í sí kó tó kúrò níwájú mi. Ẹni tó bá béèrè àǹfààní nìkan, àǹfààní nìkan ló máa rí.

SìsítàÀgbà30

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọkàn mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi òwú àti spírítì tọ́jú ìwọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, mo sì lè ka iye ìdodo tó kẹ̀ lójú mi lórí ìka ọwọ́ kan. Kí ló dé tí a fi ń sọ spírítì di ohun àtijọ́?

ÌyáMátírọ́nù

Sìsítà, èmi náà lo spírítì, mo sì fi kọ́ ènìyàn. Mi ò ní bú ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ tí ẹ rí ni àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù, àti àwọn tí wọ́n gbé padà wá. Èyí tí ìdodo rẹ̀ kẹ̀ ní abúlé tí wọ́n gbé lọ síbòmíràn, tàbí tí wọn kò gbé lọ síbì kankan, kò lè sí lórí ìka ọwọ́ yín. Spírítì náà máa ń fa ọjọ́ tí ìwọ́ fi ń já gùn ju kí a fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ìrírí wa ló ń jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká béèrè. Ìdáhùn rẹ̀, ó di ká kà á.

SìsítàÀgbà30

Ọ̀rọ̀ ti àwọn tí kò padà wá yẹn, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ṣeun, mà.

Agbẹ̀bíÒkèÒgùn

Mo ti tún un kọ. Ẹ wò ó:

"Láàárín àwọn ọmọ tuntun tó kúrò ní wọ́ọ̀dù wa kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ṣé fífi gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% sí ìwọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 7 máa dín ìdodo tó kẹ̀ kù títí di ọjọ́ 28, tí a bá fi wé spírítì?"

ÌyáMátírọ́nù

Ọmọ mi, orí mi wú. P rẹ ní ojú, O rẹ ṣe é fọwọ́ kàn. Bí o bá fi ìbéèrè yìí wá ohun tó ti wà nílẹ̀, o máa rí nǹkan gidi.

Ní báyìí, mélòó lẹ ń gbẹ̀bí lóṣù? Oṣù mélòó ni wọ́n fún ọ?

Agbẹ̀bíÒkèÒgùn

Bíi 35 lóṣù, mà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi láti kó iṣẹ́ jọ.

ÌyáMátírọ́nù

Jẹ́ ká ṣírò. Ká ní, àpẹẹrẹ ni mo ń sọ o, ìdodo 10 ló ń kẹ̀ nínú 100, tí o sì fẹ́ mọ̀ bóyá chlorhexidine lè sọ ọ́ di 5. O máa nílò ọmọ tó lé ní 400 ní apá kọ̀ọ̀kan kí o tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ní 35 lóṣù, ọdún méjì nìyẹn. O kò ní í rí i ṣe.

Ìbéèrè tí a fi ń wá ẹ̀rí tó ti wà àti ìbéèrè tí a fi ń ṣe ìwádìí tuntun kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí o kọ yìí jẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ti fi ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá ìdáhùn rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti lágbára ju tìrẹ lọ. Kí ni kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ nípa wọ́ọ̀dù tìrẹ? Tíúbù wà nílé ọmọ yẹn. Oògùn kọ́ ló kù.

ÌyàwóTíṣà

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kò sí ìgbà kankan tí èmi fúnra mi wẹ ọmọ mi láàárín ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ mi ló wẹ̀ ẹ́, òun ló gbóná omi, òun ló fi aṣọ gbígbóná tẹ ìdodo. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi ní gbogbo nǹkan ní ilé ìwòsàn, orí àga ni ìyá ọkọ mi jókòó sí níta, tó gbé fúláàsì omi gbígbóná lọ́wọ́. Wọn kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí a délé, mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ fún màmá pé bó ṣe wẹ ọkọ mi kò dáa?

KàwéKàwé

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyàwó Tíṣà. Àbúrò, ẹni tó gbé fúláàsì yẹn ni kẹ́ ẹ wò.

Nọ́ọ̀sìLeeds

Òótọ́ ni. Ká kàn ṣọ́ra: tó bá jẹ́ ìdí tí àwọn màmá fi gba epo gbọ́ lẹ fẹ́ mọ̀, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Kò ní I, kò ní C. Ẹ máa jókòó tì wọ́n, ẹ máa gbọ́ tẹnu wọn, ẹ má sì fi agbára mú un wọnú PICO. Ẹ yan ọ̀kan.

Agbẹ̀bíÒkèÒgùn

Alẹ́ àná ni mo kà á, n kò lè sùn. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé abiyamọ sílé máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù wa títí a ó fi ṣe tán. A kì í pè é wọlé. Ọdún 11 ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn kọjá.

Ẹ wo èyí:

"Láàárín àwọn abiyamọ tí obìnrin àgbà kan máa bá wẹ ọmọ nílé, ṣé kíkọ́ ìyá àti obìnrin àgbà náà pọ̀ ní ìtọ́jú ìwọ́ kí wọ́n tó lọ sílé, kí obìnrin àgbà náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú nọ́ọ̀sì, máa dín iye ilé tí wọ́n ti fi nǹkan mìíràn sí ìwọ́ kù títí di ọjọ́ keje, tí a bá fi wé kíkọ́ ìyá nìkan bí a ṣe ń ṣe báyìí?"

ÌyáMátírọ́nù

Èyí lèmi ń dúró dè.

Ṣírò rẹ̀ náà: ká ní ilé 5 nínú 10 ló ń fi nǹkan mìíràn sí i, tí o sì fẹ́ rí i kó di 3. Ìdílé bí 95 ní apá kọ̀ọ̀kan tó. Oṣù mẹ́fà á gbé e, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì.

Má ṣẹ́ kèké láàárín àwọn abiyamọ tó jọ wà ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan náà o, wọ́n á máa kọ́ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ kan fún ti àtijọ́, ọ̀sẹ̀ kan fún tuntun, bẹ́ẹ̀ títí. Kọ ọ́ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí pé àwọn màmá tó wà ní apá ti àtijọ́ náà á gba ẹ̀kọ́ yẹn ní kété tí o bá ti gba ìdáhùn lẹ́nu wọn.

OlóògùnÌbàdàn

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí wọ́n fi sí i? Tí ẹ bá bi wọ́n lórí fóònù, chlorhexidine ni gbogbo wọn máa pè.

Agbẹ̀bíÒkèÒgùn

Mo ti rò ó, sà. Ọjọ́ keje ni màá lọ sílé wọn, ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ, torí màmá àgbà á wà nílé, ọmọ á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wẹ̀. N kò ní béèrè ohun tí wọ́n lò. Màá ní kí màmá wẹ ọmọ lójú mi, kó sì tọ́jú ìwọ́ bó ṣe ń ṣe é, ohun tó bá nawọ́ sí ni màá kọ sílẹ̀. Tí ìwọ́ bá sì ti já kí n tó dé, màá ní kí wọ́n fi tíúbù hàn mí, kí n wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i.

Ọ̀la ni mo máa gbé e lọ fún olùkọ́ mi.